Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọ Wáyà Lórúkọ

  Wáyà tẹlifóònù inú ọ́fíìsì ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí láàárọ̀ yìí: bí a ṣe ń fà á, àti pàápàá jù lọ, bí a ṣe ń kọ orúkọ sí i lára. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ta ló tún ń lo wáyà, nígbà tí fóònù alágbèéká ti wà lápò tọmọdé tàgbà? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá onítọ̀hún lóhùn.

Lóòótọ́ ni pé láti ìgbà tí GSM ti wọlé ní ọdún 2001, tẹlifóònù oníwáyà NITEL tó wà ní pálọ̀ àwọn bàbá wa ti di ohun ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ilé ìwòsàn ńlá, ẹ wọ báńkì, ẹ wọ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ wọ sẹkitéríàtì ìjọba. Ẹ ó rí fóònù lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì fẹ́ bá àwọn tó ń po oògùn sọ̀rọ̀, nọ́ńbà mẹ́ta péré ló máa tẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì fẹ́ sọ fún ọ̀gá lókè pé àlejò dé, òun náà á tẹ nọ́ńbà mẹ́ta. Kò gba káàdì, kò béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì sí pé bátìrì ti kú. Láti ọdún 1893 ni àwọn ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó ti ń lo tẹlifóònù. Iṣẹ́ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láàárín wa ni, kò sì tíì fẹ́ lọ.

Ọ̀nà tí wáyà ń gbà kò lọ́jú pọ̀. Okùn wáyà ńlá, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní kébù, yóò ti òde wọlé, tàbí kí ó ti ara ẹ̀rọ PABX jáde, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so àwọn fóònù inú ilé pọ̀. Yóò wọ inú àpótí àgbà tí à ń pè ní MDF, nínú yàrá kékeré kan nísàlẹ̀ ilé. Láti ibẹ̀, kébù mìíràn yóò gun òkè, yóò máa yà sí àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan lórí àjà kọ̀ọ̀kan. Láti inú àpótí kékeré yìí ni wáyà tín-ín-rín yóò ti gba inú sílìn lọ sí yàrá, tí yóò sì parí sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ìbáà ṣe ilé alájà méjì, ìbáà ṣe ilé gogoro bíi Cocoa House n'Ìbàdàn tí wọ́n parí ní 1965, bákan náà ni ètò rẹ̀ rí.

Inú kébù ńlá yẹn gan-an ni ọgbọ́n pọ̀ sí. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ bó awọ ara rẹ̀, wáyà tín-ín-tìn-tín aláwọ̀ oríṣiríṣi ni yóò tú síta, méjì méjì ni wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn. Méjì yẹn ni fóònù kan ń lò, a máa ń pè é ní pẹ́à kan. Kébù tó wọ́pọ̀ ní pẹ́à 25, ìyẹn àádọ́ta wáyà. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ mọ èwo ni èwo nínú àádọ́ta?

Àwọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ètò rẹ̀ sì dùn mọ́ni. Àwọ̀ àgbà márùn-ún ló wà: funfun, pupa, dúdú, yẹ́lò àti àlùkò. Àwọ̀ àbúrò náà jẹ́ márùn-ún: búlúù, ọsàn, àwọ̀ ewé, búráùn àti àwọ̀ eérú. Àgbà kọ̀ọ̀kan ní láti bá àbúrò márààrún rìn tán kí ó tó kan àgbà tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, funfun àti búlúù ni pẹ́à kìíní, funfun àti ọsàn ni ìkejì, a ó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé funfun àti eérú, tó jẹ́ ìkarùn-ún. Pupa á wá bọ́ síta: pupa àti búlúù ni ìkẹfà. Dúdú àti ewé ni 13. Àlùkò àti eérú ló gbẹ̀yìn, òun ni 25. Kò sí méjì tó jọra nínú gbogbo wọn.

Bí kébù bá wá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká ní ó jẹ́ ti pẹ́à 100, wọ́n á fi ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ di 25 kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ríbọ́ọ̀nù funfun àti búlúù ló di ìdì kìíní, funfun àti ọsàn ló di ìkejì. Ẹni tó ń wá pẹ́à 38 yóò yọ 25 kúrò nínú rẹ̀, yóò ku 13. Inú ìdì kejì ni yóò lọ, dúdú àti ewé ni yóò sì mú. Orí ara rẹ̀ ló fi ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: bí ọmọ iṣẹ́ bá bó awọ kébù tán, tó sì jẹ́ kí ríbọ́ọ̀nù wọ̀nyẹn yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ìdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dà pọ̀ mọ́ra. Dúdú àti ewé á di mẹ́rin lójú ẹsẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ 13 yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ 38. Kí ọ̀bẹ tó kan awọ kébù ni kí a ti mọ̀ pé a ó so ríbọ́ọ̀nù náà mọ́ ẹ̀yìn ìdì rẹ̀ dáadáa, kí a ta á ní kókó. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Gbogbo ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló gbọ́dọ̀ ka àwọ̀ yìí sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń ka ìṣirò onísọdipúpọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan kébù oníbàárà. Kí ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo kébù tí wọ́n ń kó wọ̀lú ló ń tẹ̀lé ètò yìí, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń lọ́ wáyà méjèèjì mọ́ra? Alexander Graham Bell, ẹni tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí tẹlifóònù ní 1876, òun kan náà ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí wáyà lílọ́ ní 1881. Ariwo ló ń sá fún. Bí wáyà fóònù bá wà nítòsí wáyà iná, iná náà máa ń rọ́ ariwo sínú rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ híììì nínú ohùn ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá lọ́ méjèèjì mọ́ra, ariwo tó bá ba ọ̀kan náà ló ń ba èkejì, ọ̀kan á sì pa èkejì rẹ́ kí ó tó dé etí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a tú lílọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ níbi tí a ti ń so ó. Ẹ má sì jẹ́ kí oníṣẹ́ iná àti oníṣẹ́ fóònù jọ lo páìpù kan náà nítorí pé páìpù wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá sì ní láti pàdé, kí ọ̀kan dábùú èkejì kọjá, kí wọ́n má ṣe jọ rìn.

Ewu rẹ̀ sì ju ariwo lásán lọ. Líìnì tó ń bọ̀ láti òde ní nǹkan bíi 48 fólíìtì lára nígbà tí fóònù wà nílẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí ó bá ń dún, ó lè gòkè dé 75 sí 90. Ẹni tó bá di wáyà ìhòòhò mú lásìkò yẹn yóò mọ̀ ọ́n lára. Wáyà iná tiẹ̀ wá lé ní igba fólíìtì. Bí awọ rẹ̀ bá fi ara bó nínú páìpù kan náà, ẹni tó ń fọwọ́ tún fóònù ṣe ni yóò jìyà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ dín owó páìpù kù.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣí àpótí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ọ́fíìsì wa ni irú tí ilé iṣẹ́ Krone ti Jámánì gbé jáde, orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn sì ni gbogbo oníṣẹ́ ń pè é. Pákó ike funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì gba pẹ́à mẹ́wàá. Ẹ kò ní bó awọ wáyà rárá, ẹ kò ní jó o pọ̀, ẹ kò ní fi ìdè kankan dè é. Ẹ ó tẹ́ wáyà sínú ihò tóóró, ẹ ó gbé irin Krone lé e, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Ẹ ó gbọ́ kpá! Irin inú ihò náà tó dà bí eyín ti gé awọ wáyà nìyẹn, ó ti gbá kọ́pà inú rẹ̀ mú, abẹ tó wà lẹ́nu irin Krone ọwọ́ yín sì ti gé èyí tó ṣẹ́kù dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Lápá òkè ni wáyà tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilé wà, lápá ìsàlẹ̀ ni èyí tó ń lọ sí yàrá wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ apá ibi tí àìsàn wà yóò ki ike kékeré kan bọ àárín, yóò ya méjèèjì nípa, yóò sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ronú kan ohun yìí bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá tún un ṣe, inú mi sì máa ń dùn nígbàkígbà tí mo bá ń lò ó.

Ṣùgbọ́n pákó tó dára jù lọ láyé, bí kò bá sí orúkọ lára rẹ̀, àlọ́ ni. Ibi tí mò ń bọ̀ nìyẹn.

Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan rí pé fóònù ẹ̀ka ìṣirò owó ti kú. Mo ṣí àpótí àjà kejì. Orúkọ kún ibẹ̀, ẹ má rò pé kò sí. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí pépà alátè: "Alhaji", "Ìyá Ìbejì", "Ọ̀gá tuntun". Mo béèrè ta ni Alhaji. Wọ́n ní ó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá Ìbejì ńkọ́? Ó ti lọ sí ẹ̀ka wọn ní Abẹ́òkúta. Ọ̀gá tuntun wá ńkọ́? Kò sí ẹnì kankan nínú ọ́fíìsì náà tó mọ ọ̀gá tí ó jẹ́ tuntun nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Méjì nínú pépà náà ti já bọ́ sísàlẹ̀ àpótí, àárín eruku, wọn kò sì lè sọ ibi tí wọ́n ti wá. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi fi wá wáyà kan ṣoṣo. Òun wà nínú yàrá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi ohùn sínú wáyà, èmi wà nídìí àpótí pẹ̀lú ọ̀pá tó ń gbọ́ ohùn náà.

"Ọ̀gá, ṣé ó dún?"

"Kò dún. Bọ́ sí èyí tó kàn."

"Èyí náà ńkọ́, sà?"

"Dúró. Dúró ná. Òun nìyí."

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ohun tó bàjẹ́ kò ju wáyà kan tó ṣí kúrò lójú ihò lọ. Títún un ṣe kò gba ìṣẹ́jú kan. Wíwá a ló gba àárọ̀, owó àárọ̀ ni ọ́fíìsì sì san.

Àwọn baba wa ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo bẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí wáyà. Yàrá ni kí ẹ wò, ẹ má wo ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Èèyàn á kúrò, wọ́n á gbé e ga, wọ́n á gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Nọ́ńbà fóònù pàápàá á bá a lọ, nítorí pé láti inú PABX ni wọ́n ti lè gbé nọ́ńbà láti yàrá kan sí òmíràn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kì í lọ ibì kankan. Nítorí náà, orúkọ tí ó yẹ ni èyí tó sọ àjà, tó sọ àpótí, tó sọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá kọ 2-A-14, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kà mọ̀ pé àjà kejì ni, àpótí A, sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹrìnlá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní odindi ìwé ìlànà lórí bí a ṣe ń kọ orúkọ sára wáyà ilé, TIA-606 ni wọ́n ń pè é. Ó gùn, ṣùgbọ́n ohun kan tí mo fẹ́ràn jù nínú irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni pé orúkọ kan náà gbọ́dọ̀ wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì wáyà, kò sì gbọ́dọ̀ sí wáyà méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan.

Ìpẹ̀kun méjèèjì ni mo wí o. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń kọ ọ́ sí inú àpótí nìkan, wọ́n á fi ara ògiri sílẹ̀ lófìfo. Ìgbà wo ni ó yẹ kí ẹ kọ ọ́? Kí wáyà tó wọ inú páìpù ni. Ẹ kọ ọ́ sára orí rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ọ́ sára páálí tí ẹ ti ń fa á jáde. Nígbà tí ẹ bá gé e, ẹ tún kọ ọ́ sí orí kejì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́. Ẹni tó sọ pé òun yóò fa gbogbo rẹ̀ tán ná, kí òun tó wá kọ orúkọ, á bá ogún wáyà àwọ̀ kan náà tó sọ̀ kalẹ̀ látinú sílìn, kò sì ní mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ mú.

Bírò kò dára fún un, pépà alátè kò dára. Ọ̀rinrin òjò á yọ tàdáwà, ọyẹ́ á gbẹ àtè rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń tẹ orúkọ sórí ike tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lè wé e mọ́ wáyà yí po. Bí apá kò bá ká a, ẹ fi máákà tí kì í parẹ́ kọ ọ́ sára wáyà, kí ẹ fi ike tó mọ́ gaara wé e bò. Ẹ kọ ọ́ jìnnà díẹ̀ sí ìpẹ̀kun, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá tún wáyà náà gé lọ́jọ́ mìíràn, orúkọ kò ní bá èyí tí wọ́n gé lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọn kò ti ṣe èyí. Oníṣẹ́ tuntun á dé, kò ní mọ wáyà tó wà láàyè yàtọ̀ sí èyí tó ti kú. Á wá fa tuntun. Ẹni tó bá tẹ̀lé e náà á fa tirẹ̀. Mo ti gun àkàsọ̀ wo inú sílìn ọ́fíìsì tí wáyà òkú ibẹ̀ pọ̀ ju wáyà alààyè lọ, tó ti wúwo débi pé sílìn ń tẹ̀ wálẹ̀. Eku ń bímọ sínú rẹ̀. Bí iná bá sì ṣẹ́ yọ, awọ ike yẹn á jó, èéfín rẹ̀ á máa gba inú sílìn lọ láti yàrá dé yàrá. Ihò tí kébù ń gbà láti àjà dé àjà náà yẹ kí a fi ohun tí iná kì í jó dí i. Ilé tuntun tí wọ́n ti ń ṣe é kò pọ̀, ó sì ń dùn mí.

Ní ti ilé tuntun, ọ̀pọ̀ wọn kò fa wáyà fóònù lọ́tọ̀ mọ́. Wáyà CAT6 ni wọ́n ń fà, ọ̀kan náà tí kọ̀ǹpútà ń lò, fóònù á sì máa gba inú rẹ̀ gba iná àti ohùn pọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ẹ ṣáà rántí pé láti inú àpótí dé sọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ ju mítà 90 lọ, àti pé ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á fi kọ́pà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àlúmíníọ̀mù, wọ́n á tẹ CAT6 sára rẹ̀. Ẹ mú wáyà kan nínú rẹ̀, ẹ fi abẹ họ orí rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Irú rẹ̀ tètè ń kán, ó sì máa ń gbóná bí iná fóònù bá ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ àrá náà kò ṣeé gbójú fò nílẹ̀ wa yìí, pàápàá láti oṣù kẹta tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bí wáyà yín bá ti òde wọlé, tàbí tó so ilé kan pọ̀ mọ́ ilé kejì nínú ọgbà kan náà, ẹ ní kí wọ́n fi ohun tó ń gba àrá sí orí pákó Krone, kí wọ́n sì so irin pákó náà mọ́ wáyà tó wọ ilẹ̀ lọ. Mo ti rí i tí wọ́n ra ohun tó ń gba àrá, tí wọ́n tò ó sí orí pákó rèǹtè-rente, tí wáyà ilẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Kò lè gba ohunkóhun bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbéṣẹ́ fúnni, ẹ̀yin lẹ ni ibi tó kù. Nígbà tí ẹ bá ń bá oníṣẹ́ ná owó, ẹ má yọ owó kíkọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gé, nítorí pé kò hàn síta bíi sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ béèrè ìwé: ìwé kan tó to gbogbo orúkọ, tó sọ pé 2-A-14 wà lára ògiri apá fèrèsé ní yàrá báyìí, orí pákó báyìí ló sì ti jáde. Kí ẹ̀dà kan wà nínú àpótí, kí ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ yín. Ìwé yẹn náà ni ẹ lè kọ orúkọ Alhaji sí, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, kí ẹ pa á rẹ́ nígbà tó bá kúrò.

Lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá ní òun ti parí, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé. Ẹ bá a wọ yàrá kan tí òun kò yàn fúnra rẹ̀, ẹ fi ìka kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí ó lọ fi ìkejì rẹ̀ hàn yín nínú àpótí. Ẹ ṣe é ní yàrá mẹ́ta, ẹ ṣe é ní àjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá ka ara ògiri tó sì lọ tààrà nawọ́ sí i, ẹ san owó rẹ̀ pé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ tó ń fi ohùn sínú wáyà, ẹ dá èyí tó kù nínú owó náà dúró títí yóò fi kọ gbogbo rẹ̀ tán.